Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ Ti Dé: Bí Ìdílé Mùsùlùmí Láti Lekki àti Ajah Ṣe Lè Ṣètò Ìrìn-Àjò Lọ Sórí Òkè



Láti ìparí oṣù July títí wọ oṣù September ni àwọn ọmọ wa máa ń wà nílé fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ní agbègbè wa yìí, láti Lekki dé Ajah, Badore, Langbasa àti Sangotedo, gbogbo wa la mọ bí ìsinmi náà ṣe máa ń rí: fóònù láti àárọ̀ di alẹ́, omi òjò níwájú ilé, àti ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́ pé, "Dádì, níbo la máa lọ?"

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ wa tó kéré jù, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, bi mí ní ìbéèrè mìíràn. A ti kírun Àsùbáà tán, mo sì ń túmọ̀ díẹ̀ nínú Sūratul Ghāshiyah fún wọn, níbi tí Ọlọ́hun ti pe ẹ̀dá láti ronú sí bí Ó ṣe dá ràkúnmí, bí Ó ṣe gbé sánmọ̀ sókè, àti bí Ó ṣe gbé àwọn òkè kalẹ̀. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní, "Dádì, ṣé òkè náà ga tó bíríìjì Ajah?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Orí yanrìn àti àbàtà la kọ́ ilé wa sí, láàárín òkun àti ọ̀sà. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ajah lè pé ọmọ ọdún mẹ́wàá láì tíì fojú kan òkè rí. Ọjọ́ yẹn ni èmi àti ìyàwó mi pinnu pé a ó mú wọn lọ.

Ohun tí a kọ́ nínú ètò náà, àti àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe, ni mo fẹ́ kọ síbí fún àǹfààní àwọn tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí méjì yìí: àsìkò ni kí ó sọ ibi tí ẹ máa lọ, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú ìdílé ni kí ó sọ bí ẹ ṣe máa rìn.

Níbo ni kí á lọ, ìgbà wo sì ni?

Bí ènìyàn bá ń wá National Park tó ní òkè gidi ní Nàìjíríà, Gashaka-Gumti ni orúkọ tí yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ó wà láàárín Ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa, lẹ́bàá ààlà Cameroon. Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di National Park, òun ló sì tóbi jù nínú gbogbo wọn. Fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Ìpínlẹ̀ Èkó. Níbẹ̀ ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù ní orílẹ̀-èdè wa, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,419. Bí a bá wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, ó máa ń wu ojú gan-an.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí à ń lọ ní oṣù August. Ìdí rẹ̀ nìyí. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò wá láti orí òkun kì í dúró sí ojú kan. Ní oṣù May àti June, ọ̀dọ̀ wa ní etí òkun ló máa ń wà, a sì máa ń mọ̀ ọ́n lára nígbà tí gbogbo ojú pópó bá kún fún omi. Tó bá di oṣù August, ó ti wọ ìhà àríwá lọ jìnnà. Nígbà náà ni Èkó, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó máa ń sinmi díẹ̀ lọ́wọ́ òjò ńlá, kí ó tó padà wá ní September àti October. Àmọ́ ní apá Taraba, ìgbà yẹn gan-an ni òjò ń rọ̀ jù. Odò á kún, ọ̀nà ilẹ̀ inú igbó á di ẹrẹ̀, koríko á ga ju ènìyàn lọ. Kódà ẹranko á ṣòro láti rí, nítorí pé omi wà níbi gbogbo, wọn kò nílò láti péjọ sí odò kan láti mumi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti December sí March, ni irú ibẹ̀ dára fún àlejò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Old Oyo National Park, tó wà nílẹ̀ Yorùbá wa níhìn-ín, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú àwọn Aláàfin àtijọ́. Ó ní àpáta àti òkè kéékèèké, ó sì dára kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Òun náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ ẹ́.

Kí wá ni ti oṣù August? Fún ìdílé tó ń gbé ní Ajah, Òkè Ìdànrè ni mo rí pé ó bá àsìkò mu jù. Kì í ṣe National Park, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òkè gidi ni, àpáta ńláńlá tó yí ìlú ká. Àwọn ará Ìdànrè gbé lórí òkè náà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní ìgbà ìjọba àwọn òyìnbó. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, àti ilé-ìwé. Láti ọdún 2007 ni àjọ UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ àwọn ibi tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò fún ogún gbogbo ayé. Àtẹ̀gùn tó lé ní 660 ni ènìyàn máa gùn kí ó tó dé ibi ìlú àtijọ́, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Fún ìdílé tí kò lè sùn níta, tàbí tí ó ní àgbàlagbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀, Òkúta Olúmọ ní Abẹ́òkúta súnmọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè lọ, kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ìtìjú nínú kí á bẹ̀rẹ̀ láti kékeré.

Lekki ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán ẹsẹ̀ wò

Èyí ni ohun tí èmi kò ṣe, tí mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Kí ìdílé tó lọ gun òkè, ó yẹ kí wọ́n ti rìn pọ̀ níbì kan tó súnmọ́ ilé. Ọlọ́hun sì ti fún wa ní ibẹ̀ láìjìnnà. Lekki Conservation Centre wà ní ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, lápá Chevron, ibi tí gbogbo wa ń gbà kọjá lójoojúmọ́ láìyà sí.

Igbó náà tó hẹ́kítà 78. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì wà, ìjàpá àti ọ̀kín wà. Afárá orí igi tó wà nínú rẹ̀ gùn tó mítà 401, ọdún 2015 ni wọ́n parí rẹ̀, wọ́n sì kà á mọ́ èyí tó gùn jù ní gbogbo Áfíríkà. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ló ni ín. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé ọmọ agbègbè wa ló dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1980: Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, oníṣòwò tó mọ̀ pé bí ilé bá ń pọ̀ sí i, ó yẹ kí ẹnì kan dá igbó díẹ̀ sí fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò. Kí oníkálukú gbé báàgì rẹ̀, kí ó wọ bàtà tó fẹ́ wọ̀ lọ sórí òkè. Bí ẹ bá ń rìn, ẹ máa wo ara yín. Ta ni ó tètè ń mí helehele? Bàtà ta ni ó ń gé e lẹ́sẹ̀? Ta ni ẹ̀rù ibi gíga ń bà? Ọmọ tó bá sunkún lórí afárá orí igi kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ̀ ní Lekki ju kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní agbedeméjì Òkè Ìdànrè. Lẹ́yìn èyí, kí gbogbo ilé máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn Àsùbáà, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ilé tí ẹ ń gbé bá ní àtẹ̀gùn, ẹ máa gùn ún.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni aṣíwájú

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ fún ẹni tó bá ń ṣe Lèmọ́mù pé kí ó fúyẹ́ ìrun fún àwọn ènìyàn, torí pé aláìlera, arúgbó àti aláìsàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú ìrun, mélòó mélòó wá ni orí òkè?

Ẹ jókòó, kí ẹ gbé orúkọ oníkálukú yẹ̀ wò. Màmá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bàbá tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọmọ tó ní ikọ́ fée, aboyún, ẹni tí orúnkún ń dùn: kí wọ́n rí dókítà wọn kí ẹ tó dájọ́. Kí oògùn wọn wà nínú báàgì tó wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe nínú búùtù mọ́tò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ni ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń fa ìrora sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára: kí omi ara rẹ̀ dínkù, kí otútù mú un, kí ó ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó, àti kí ó wà níbi tó ga púpọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀ tó. Mẹ́ta àkọ́kọ́ lè pàdé rẹ̀ ní Ìdànrè bí a kò bá ṣọ́ra. Ní ibi tó ga bí Chappal Waddi, ìkẹrin á kún un. Kò túmọ̀ sí pé kí á ti ọmọ náà mọ́lé. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wà nínú ètò.

Ọmọ wa kejì jẹ́ SS. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Dókítà rẹ̀ gbà kí ó lọ, ó ní kí ó máa mumi léraléra, kí ó máa sinmi, kí a má sì fi ipá mú un. Ní ọjọ́ tí a gun òkè, inú rẹ̀ dùn, òun ló ń ka àtẹ̀gùn sókè fún gbogbo wa. Nígbà tí a dé ibi ìsinmi kejì, ó jókòó, ó ní, "Dádì, ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀."

"Díẹ̀" ni mo gbọ́. Mo ti na owó epo, mo ti san owó ilé ìtura, mo sì ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé èmi yóò fi fọ́tò ránṣẹ́ láti òkè. Mo ní kí ó ṣe ọkàn akin, pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. A kò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó gbé omi fún ọmọ náà, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá sọ fún mi ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Dádì wọn, òkè yìí kò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀."

Gbogbo wa la sọ̀. Mo gbé e sẹ́yìn títí a fi dé ìsàlẹ̀. Ó mumi, ó lo oògùn rẹ̀, a fi aṣọ bò ó, ó sì sùn. Nígbà tó di Alaásárì, ó ti ń bá àwọn yòókù ṣeré. Alhamdulillāh. Nígbà tí a pe dókítà, ó ní bí a bá tún lọ sókè díẹ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọsibítù ni a ó ti sùn. Ó ní ìrora kékeré ni ìkìlọ̀; ẹni tó bá dúró de ńlá ti pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé fẹnu kò kí ẹ tó kúrò nílé pé ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó kéré tó, lè sọ pé "Ẹ jẹ́ ká sọ̀," àti pé ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí. Ànábì sì kọ́ wa pé bí ènìyàn mẹ́ta bá ń rìnrìn-àjò, kí wọ́n fi ẹnì kan ṣe olórí. Olórí rere ni ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí á padà.

Ọ̀nà àti àkókò

Oore kan wà fún àwa ará Ajah. Bí a bá ń lọ sí Ìdànrè, kò di dandan kí á wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Ẹ gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ já sí òpópónà Ṣàgámù sí Benin, ẹ gbà á dé Òrè, kí ẹ yà sí Oǹdó, kí ẹ sì gba ibẹ̀ dé Àkúrẹ́. Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Gbogbo rẹ̀ lé ní 250 kìlómítà, ẹ sì fi wákàtí mẹ́fà sí i nínú ètò yín, torí ọ̀nà kì í dára bákan náà níbi gbogbo.

Ẹ gbéra lẹ́yìn Àsùbáà. Ẹ má ṣe fi òru rìn, ì báà jẹ́ àlọ, ì báà jẹ́ àbọ̀. Ẹ yẹ bíréèkì, táyà àti ẹ̀rọ tó ń nu gíláàsì wò, nítorí òjò August kì í dágbére. Kí àwọn ará ilé kan mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ pe ilé ìtura àti àwọn tó ń mójú tó òkè náà ṣáájú, kí ẹ béèrè bí ọ̀nà àti ààbò ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ànábì ní kí ẹni náà so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Bí wọ́n bá sọ pé kí ẹ má wá, ẹ má lọ.

Ẹ má ṣe gun òkè lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Ẹ sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó mọ ọ̀nà òkè. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ ní sùúrù kí àpáta gbẹ. Àpáta tútù ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ.

Ìrun lójú ọ̀nà

Ìrìn-àjò yìí jìn ju nǹkan bí 80 kìlómítà tí ọ̀pọ̀ onímímọ̀ fi ṣe òdiwọ̀n fún dídín ìrun kù. Nítorí náà, Àìlà, Alaásárì àti Ìṣáì á di ráká méjì méjì. Àsùbáà àti Màgáríbì kò yí padà. Ẹ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dín ìrun kù nínú ilé yín ní Ajah. Ó di ìgbà tí ẹ bá ti jáde kúrò láàárín àwọn ilé ìlú. Bí ẹ bá kírun lẹ́yìn Lèmọ́mù tó jẹ́ onílé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Àkúrẹ́, ẹ kí i pé pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìlànà Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá ti pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbì kan yóò máa kírun rẹ̀ pé. Jímọ́ọ̀ kì í ṣe dandan fún arìnrìn-àjò, àmọ́ bí ẹ bá rí i kí, ó dára. Ní ti pípa ìrun méjì pọ̀, ẹ bi Ààfáà yín kí ẹ tó lọ.

Ẹ gbé omi àlùwàlá lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí omi mímu. Tayamọ́mù wà fún ẹni tí kò rí omi tàbí tí ara rẹ̀ kò gba omi, kì í ṣe fún ẹni tó ń ṣe ọ̀lẹ láti gbé kẹ́tù. Bí ó bá di dandan, àpáta mímọ́ tó sí tayamọ́mù ní ìlànà Màlíkì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Kíbúlà wà ní ìlà-oòrùn, tó yí díẹ̀ sí àríwá.

Súná kan sì wà tí orí òkè gan-an bá mu. Jābir, ọ̀kan nínú àwọn Sàhábé, sọ pé bí àwọn bá ń gun ibi gíga, wọn a máa ṣe Allāhu Akbar. Bí àwọn bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọn a máa ṣe Subhānallāh. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín. Ní gbogbo ibi ìsinmi ni àwọn tiwa ń ṣe é, ó sì dùn mọ́ wọn ju orin fóònù lọ.

Aṣọ, oúnjẹ àti owó

Bàtà onírọ́bà tó di ilẹ̀ mú ni kí gbogbo yín wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ̀yin ìyá wa àti àwọn ọmọbìnrin, jàlàbíà tó ń wọ́ nílẹ̀ lè gbé ènìyàn ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ẹ wọ ṣòkòtò tó fẹ̀ lábẹ́, kí jàlàbíà mọ ní agbedeméjì ojúgun, kí ìjáàbù sì jẹ́ èyí tí a so dáadáa tí afẹ́fẹ́ kò lè ṣí. Ìbòrí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gun òkè. Kí súẹ́tà kan wà fún oníkálukú, nítorí pé bí a bá ti ń lọ sókè ni otútù ń pọ̀ sí i: nínú gbogbo mítà 1,000 tí a bá gùn, ooru máa ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ẹ se oúnjẹ láti ilé. Móínmóín, ẹyin bíbọ̀, ẹja gbígbẹ, dàbínù, ẹ̀pà àti gàrí kò lè já yín kulẹ̀. Ní ilé oúnjẹ ojú ọ̀nà, ẹ má tijú láti béèrè ẹni tó pa ẹran náà. Bí ìdáhùn bá ṣú yín lójú, ẹ jẹ ẹja. Kí omi mímu tó lítà kan ààbọ̀, ó kéré tán, wà fún àgbà kọ̀ọ̀kan lórí òkè.

Ní ti owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: epo, ilé ìtura, owó ìwọlé, owó ẹni tó ń fọ̀nà hàn, oúnjẹ, àti owó tí a kò ní fọwọ́ kàn bí kò ṣe fún pàjáwìrì. Oṣù September ń bọ̀ pẹ̀lú owó ilé-ìwé. Ẹ yọ ìyẹn sọ́tọ̀ ná. Ẹ má ṣe yá owó èlé nítorí ìgbafẹ́. Ìgbádùn ọjọ́ mẹ́ta kò tó ohun tí à ń fi ribá rà. Ìdílé méjì tàbí mẹ́ta nínú mọ́sálásí kan lè dá àjọ láti oṣù January, kí wọ́n sì pín owó ọkọ̀. A máa rọrùn, a sì máa dùn.

Ìwà wa lórí òkè

Àwọn ibì kan wà ní Ìdànrè tí àwọn kan ń bọ. A lè gbọ́ ìtàn ìlú, kí á mọ bí àwọn baba wa ṣe gbé, láìlọ́wọ́ nínú ìbọ̀rìṣà, láì sì bú onílé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìyàtọ̀ yìí kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe kọ orúkọ yín sára àpáta. Gbogbo ọ̀rá omi tí ẹ bá gbé lọ, ẹ kó o padà. Àwa tí à ń gbé ní Ajah mọ ohun tí ọ̀rá máa ń ṣe sí gọ́tà nígbà òjò ju ẹnikẹ́ni lọ.

Bí ẹ bá wá fẹ́ lọ sí National Park gidi

Bí Ìdànrè bá lọ dáadáa, ẹ wá ro National Park fún ìsinmi oṣù December. Oṣù ààwẹ̀ máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ní 2027, ìbẹ̀rẹ̀ February la ń retí rẹ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ìyẹn ni pé ìsinmi December á bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ààwẹ̀ kò sì ní tíì dé. Ẹ kọ́kọ́ kàn sí ọ́fíìsì National Park fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè nípa ààbò ojú ọ̀nà, ibùsùn, omi àti ẹ̀ṣọ́ igbó tí yóò tẹ̀ lé yín. Fún Gashaka-Gumti, ọ̀nà náà jìn fún ọmọ kékeré. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ló yẹ. Ìmọ̀ràn dókítà sì tún di dandan nítorí gíga rẹ̀.

Ní ti àwa, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi dúró ti ọmọ wa kejì ní ìsàlẹ̀, mo sì mú àwọn méjì yòókù gòkè. Nígbà tí a dé òkè, tí ìlú Ìdànrè wà nísàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da páànù sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Dádì, bíríìjì Ajah kéré o." Mo ní, "Subhānallāh, ọmọ mi, gbogbo ohun tí a kọ́ ló kéré."

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè iye àtẹ̀gùn tó kù lẹ́yìn ibi tí òun kà dé. Láti ìgbà náà ló ti ń bá wa rìn láàárọ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́ rẹ̀. Òkè náà kò sá lọ lóòótọ́. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà, kí Ó jẹ́ kí á lọ re, kí á bọ̀ re. Āmīn.